Bí A Ṣe Ń Tú Ohùn, Ìró àti Àwítúnwí Inú Ewì Yorùbá Wò

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá gbé ewì Yorùbá lé lọ́wọ́ pé kí wọ́n ṣàlàyé bí ó ṣe ń dún, ìparí ìlà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré wò. Wọ́n á wá ìró tó jọra níbẹ̀, bí wọ́n ti kọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń ka ewì Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á kọ A, B, A, B sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á ní ewì náà kò ní ìlù nínú. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, nítorí ewì tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí onílù dùndún lè fi ìlù wí láti ìlà kìíní dé ìparí láìla ẹnu. Ìlù wà nínú rẹ̀. Inú ohùn ló wà, inú bí gbólóhùn ṣe ń tẹ̀lé gbólóhùn ló wà. Ó tún wà nínú ohun tí akéwì wí lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá jù lọ nínú ohun tí ó yí padà nígbà tí ó ń wí i lẹ́ẹ̀kejì.

Mo kọ ewì kékeré kan fún ìtọ́sọ́nà yìí, kí a lè tú u palẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjà Alẹ́

1. Ilẹ̀ ṣú, ọjà ń hó.
2. Ilẹ̀ ṣú, fìtílà tàn.
3. Alákàrà ń dín, epo ń hó.
4. Ẹlẹ́kọ ń pọ́n, ewé tán.
5. Ẹni ń rà ń rà,
6. Ẹni ń tà ń tà,
7. Ẹni ń wò ń wò kiri.
8. Ilẹ̀ mọ́, ọjà tú.
9. Ilẹ̀ mọ́, fìtílà kú.
10. Ẹni ń rà ti lọ,
11. Ẹni ń tà ti lọ,
12. Ajá ọjà ń wò kiri.

Ohun èlò tí ẹ nílò kò pọ̀: pẹ́ńsùlù, ìwé tó fàyè sílẹ̀ láàrin ìlà, àti fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ewì tí ẹ fẹ́ tú ní àmì ohùn lórí pé pérépéré. Bí kò bá ní, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ní "igba" láìní àmì lè jẹ́ igba, igbá tàbí ìgbà, ìró ìlà á sì yàtọ̀ sí ara wọn pátápátá lórí èyí tí ẹ bá mú. Níbi tí ìtumọ̀ méjì bá ti ṣeé ṣe, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ewì náà tàbí ẹ̀ka èdè tí wọ́n fi ké e.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kà á sókè

Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ bí ẹ ti ń kà á, kí ẹ sì tún gbọ́ ọ láìwo ìwé. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti dánu dúró láti mí, ẹ fa ìlà òòró kékeré kan síbẹ̀. Nínú ewì wa, ìdánudúró wà láàrin ìlà 1 sí 4. Kò sí nínú ìlà 5 sí 7. Ó padà dé ní ìlà 8 àti 9. Ó sì tún lọ láti ìlà 10 dé òpin. Ewì yìí ń rìn ní ìdajì-ìdajì nígbà tí ó ń ṣàpèjúwe ibi tí a wà. Nígbà tí ó bá kan àwọn ènìyàn, ó ń sáré láìdúró.

Nínú ewì alohùn, èémí yìí gan-an ló ń sọ ibi tí ìlà ti parí. Ẹni tó da ìjálá tàbí ẹsẹ Ifá kọ sínú ìwé ló pín in sí ìlà, ó sì lè pín in lọ́nà tí kò bá ti apohùn mu. Ẹ má gba ìpín inú ìwé gbọ́ kí etí yín tó gbà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka sílébù

Ibikíbi tí ohùn bá jókòó sí, sílébù kan nìyẹn. Fáwẹ́lì tó dá dúró jẹ́ ọ̀kan, bí "i" nínú ilẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ́lì jẹ́ ọ̀kan: lẹ̀, ṣú, jà. Ibi tí àwọn ènìyàn ti sábà máa ń ṣì í kà ni "n". Nínú tàn àti dín, "n" kò dá dúró, ó kàn ń sọ fún wa pé kí a gba imú pe fáwẹ́lì náà ni. Sílébù kan ṣoṣo ni tàn. Ṣùgbọ́n ń inú "ń hó" ru ohùn tirẹ̀, nítorí náà sílébù gidi ni. Bákan náà ni n inú orúkọ Bánkọ́lé: Bá-n-kọ́-lé, mẹ́rin ni.

Ohun tí ẹnu pè ni kí ẹ kà. Bí akéwì bá pe "ní ilé" ní "nílé", sílébù méjì ni, bí ìwé tilẹ̀ kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìpaje fáwẹ́lì wà lára ohun tí akéwì fi ń ṣe ìlà gùn tàbí kúrú, kì í ṣe ọ̀ràn àkọtọ́ lásán.

Iye sílébù ewì wa láti ìlà kìíní dé ìkejìlá nìyí: 7, 7, 10, 8, 6, 6, 8, 6, 7, 6, 6, 8. Ẹni tó ń wá iye tó dọ́gba á ju pẹ́ńsùlù sílẹ̀ níbí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo apá tó wà lẹ́yìn ìdánudúró nìkan ní ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́:

ọjà ń hó: 4
fìtílà tàn: 4
epo ń hó: 4
ewé tán: 3

Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́ta. Etí ti ń retí mẹ́rin nígbà tí ìlà ṣẹ́ kù sí mẹ́ta, orí ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé nǹkan tán ni ó sì ti ṣẹ́ kù. Ìlà náà tán ṣáájú àkókò, bí ewé ẹlẹ́kọ ti tán. Ẹ tún gbé "ọjà ń hó" ti ìlà 1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ "ọjà tú" ti ìlà 8. Mẹ́rin ti di mẹ́ta, ń ló sì sọnù, ìyẹn sílébù tó ń fi hàn pé nǹkan ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ewì Yorùbá kì í sábà di ara rẹ̀ mọ́ iye sílébù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣùwọ̀n tí a yá láti inú ewì Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ka sílébù tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti èyí tí a kò tẹ̀ mọ́lẹ̀, kò fi bá a mu. Èdè wa kò tẹ sílébù mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn ni ó ń gbé sókè sódò. Iye tí ẹ bá kà, ìbéèrè ni kí ẹ fi ṣe: níbo ni ó ti dọ́gba, níbo ni ó ti yẹ̀, kí ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì ń sọ?

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ ohùn sílẹ̀

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Ẹ fi d dúró fún ohùn ìsàlẹ̀, r fún ohùn àárín, m fún ohùn òkè, gẹ́gẹ́ bí dò, rè, mí. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ pa ẹnu dé kí ẹ sì kùn ìlà náà láìpe ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá lè kùn ún, ẹ lè kọ ọ́. Ewì wa rèé:

1. r d m | r d m m
2. r d m | d m d d
3. r m d d m m | r r m m
4. r m r m m | r m m
5. r r m d m d
6. r r m d m d
7. r r m d m d r r
8. r d m | r d m
9. r d m | d m d m
10. r r m d r r
11. r r m d r r
12. r m r d m d r r

Ohùn òkè tó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń yọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀ lé òkè náà máa ń yọ́ bọ̀ sílẹ̀. Ẹ kò nílò láti kọ ìyẹn nígbà àkọ́kọ́. Àmì mẹ́ta tó.

Ẹ wá fi ìlà wé ìlà. Ìlà 5 àti 6 dọ́gba láìkù síbì kan: bí onílù bá fi dùndún wí wọn, gbólóhùn kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohun tó ya ẹni tó ń rà sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń tà àfi kọ́ńsónáǹtì. "Ilẹ̀ ṣú" àti "Ilẹ̀ mọ́" náà dọ́gba: r d m, r d m. Òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀, ìtumọ̀ tó kọjú ìjà síra wọn, orí ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n dúró sí. Lẹ́yìn náà ni ìlà 2 àti 9. Sílébù méje ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mẹ́fà àkọ́kọ́ sì bára mu. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ló yàtọ̀: tàn wà nísàlẹ̀, kú wà lókè.

Níbí ni mo ti fẹ́ kì yín nílọ̀. Ó wu ènìyàn láti sọ pé ohùn òkè ni ayọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni ìbànújẹ́. Fìtílà tó tàn parí sísàlẹ̀, fìtílà tó kú parí sókè. Ìlà méjèèjì yìí nìkan ti já òfin yẹn nírọ́. Ohùn kan kò ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀. Ipò rẹ̀ sí ohùn mìíràn ló ń fún un níṣẹ́: ó bá a dọ́gba, ó kọjú sí i, tàbí ó já ìrètí etí kulẹ̀.

Ẹ wá kọ ohùn tó parí ìlà kọ̀ọ̀kan sí ojú kan: m, d, m, m, d, d, r, m, m, r, r, r. Nínú ìlà méje àkọ́kọ́, ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ló ń jà síra wọn níparí ìlà. Ohùn àárín hàn lẹ́ẹ̀kan péré, ní "wò kiri". Ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn, ohùn àárín ni gbogbo wọn. Ohùn tí ẹni tó ń wò kiri gbé wọ ọjà ni ó gba gbogbo òpin ewì. Ẹni tó bá ka ìtumọ̀ nìkan kò lè rí èyí.

Iṣẹ́ tí a ń ṣe yìí kì í ṣe tuntun. Láti àwọn ọdún 1950 ni E. L. Lasebikan ti ń kọ̀wé lórí ipò ohùn nínú ewì Yorùbá, Adébóyè Babalọlá sì gbé iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966. Ó yẹ kí àwọn ọmọ kíláàsì wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ìró tó jọra, kì í ṣe níparí ìlà nìkan

Fáwẹ́lì àìránmúpè méje péré ni Yorùbá ní, fáwẹ́lì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa sì ń parí sí, yálà èyí tí a gba ẹnu pè tàbí èyí tí a gba imú pè. Nítorí náà, ìlà méjì tó parí sí "a" lè jẹ́ èèṣì lásán. Fún etí Yorùbá, kí fáwẹ́lì jọra nìkan kò tó ohun tí a ń pè ní ẹwà. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta nípa ọ̀rọ̀ méjì tó bá jọ ara wọn: ṣé kọ́ńsónáǹtì wọn jọra? Ṣé fáwẹ́lì wọn jọra? Ṣé ohùn wọn jọra?

Rà àti tà ní fáwẹ́lì kan náà àti ohùn kan náà, kọ́ńsónáǹtì ló yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni tú àti kú. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró níparí ìlà: ṣú wà láàrin ìlà 1 àti 2, ó sì bá tú àti kú mu pátápátá. Ìró tó mú alẹ́ wọlé ni ìró tó tú ọjà ká tó sì pa fìtílà.

Tàn àti tán yàtọ̀. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ́lì kan náà, ohùn nìkan ló yí. Irú èyí ni mo kà sí ìró tó dùn jù nínú ewì wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, síbẹ̀ ọ̀kan jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, ìkejì jẹ́ òpin. Ẹ gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nínú "Ajá ọjà": já, jà. Hó àti hó ní tiwọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwítúnwí ni kí ẹ kà wọ́n sí, ẹ má pè wọ́n ní ìró tó jọra.

Ẹ̀yà kan tún wà tí a ń pè ní ìfọ̀rọ̀dárà, níbi tí ìró ọ̀rọ̀ kan ti ń bí ọ̀rọ̀ mìíràn. Gbogbo ẹni tó ti jókòó níbi ìsọmọlórúkọ ló mọ̀ ọ́n. A mú orógbó, a ní ọmọ yóò gbó. A mú obì, a ní obì ní í bi ibi dànù. Gbó ti wà nínú orógbó tẹ́lẹ̀, bì ti wà nínú obì. Nínú ìwúre àti ọfọ̀, ìró yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́: òun ni ẹ̀rí pé ohun tí a wí bá ohun tí a dì mú lọ́wọ́ mu, ẹni tó ń wúre sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ń tú irú ewì bẹ́ẹ̀, ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì kí ẹ sì fi ọfà so wọ́n.

Ibi kan wà tí ìró àti ohùn ti bá ara wọn jà ní gbangba: àwọn orin ìsìn tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ìjọ àkọ́kọ́ túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Iye sílébù bá ohùn orin Òyìnbó mu, ṣùgbọ́n orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ohun mìíràn létí. Ẹ mú ẹsẹ kan nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ẹ kọ d, r, m ti ọ̀rọ̀ sókè, ẹ kọ bí orin ṣe ń lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ìdánrawò tó tún kọ́ etí bí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ to àwítúnwí jọ, kí ẹ wo ohun tó yí padà

"Akéwì lo àwítúnwí fún ìtẹnumọ́." Gbólóhùn yìí wà nínú ìwé ìdánwò gbogbo ọmọ. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun kan fún wa. Ewì wo ni kò tẹnu mọ́ nǹkan?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ̀yà rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ ni akéwì ń tún wí, bí ẹni àti ń. Ó lè jẹ́ odidi gbólóhùn, bí "Ilẹ̀ ṣú". Ó sì lè jẹ́ ìhun gbólóhùn, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yàtọ̀ ṣùgbọ́n tí bátànì rẹ̀ kò yẹ̀: "Alákàrà ń dín, epo ń hó, Ẹlẹ́kọ ń pọ́n, ewé tán." Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àwọn ìlà tó jọra sí abẹ́ ara wọn:

Ilẹ̀ ṣú, ọjà ń hó.
Ilẹ̀ mọ́, ọjà tú.

Ẹni ń rà ń rà,
Ẹni ń rà ti lọ,

Ẹni ń wò ń wò kiri.
Ajá ọjà ń wò kiri.

Ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun tó yí padà nìkan. Nínú ìpín kejì, ń rà di ti lọ, ohùn rẹ̀ kúrò ní m d, ó di r r: ìlà náà tẹ́jú, kò gòkè kò sọ̀ mọ́. Ìpín kẹta ló jinlẹ̀ jù. Lẹ́yìn "Ẹni ń rà ti lọ, Ẹni ń tà ti lọ", etí ti mọ ohun tó kàn: "Ẹni ń wò ti lọ." Kò dé. Ajá ló bọ́ sí ipò ènìyàn, ń sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, nígbà tí ti ti gba ipò rẹ̀ nínú ìlà méjì tó ṣáájú. Ìlà méjèèjì jẹ́ sílébù mẹ́jọ, sílébù márùn-ún tó kẹ́yìn wọn sì ní ohùn kan náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń wò kiri ti lọ. Ó sì ṣeé ṣe kí a sọ pé bí ajá ni òun náà ṣe wà ní ọjà, kò rà, kò tà. Ibi tí bátànì ti ṣẹ́ ni kí ẹ dúró sí jù nínú ewì yòówù.

Ẹ kíyè sí mẹ́ta-mẹ́ta pẹ̀lú. Ìlà 5, 6, 7 àti 10, 11, 12 jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ìkẹta ló sì gùn. Ẹ óò bá irú èyí pàdé lọ́pọ̀ ìgbà nínú oríkì àti ẹsẹ Ifá: méjì á bára dọ́gba, ìkẹta á nà tàbí kó yà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kọ àlàyé

Ẹ má to iye àti àmì sínú ìwé kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ohun kan tí ẹ gbọ́, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, ẹ sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Àpẹẹrẹ nìyí:

"Ọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ló gba ń mọ́ra: ọjà ń hó, epo ń hó, ẹni ń rà ń rà. Ní ìlà 8 àti 9, kò sí ń kankan mọ́, apá kejì ìlà 8 sì kúrú ju ti ìlà 1 lọ ní sílébù kan. Ìgbà tí ń padà dé, ara ajá ni ó ti dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ìparí ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn sì jẹ́ ohùn àárín, nítorí náà ewì náà kò parí sókè tàbí sísàlẹ̀. Ó kàn ń rìn lọ bẹ́ẹ̀."

Gbólóhùn márùn-ún ni, iye, ohùn, ìró àti àwítúnwí sì wà níbẹ̀ láìsí pé a pín wọn sí abala. Bí ẹ kò bá rí iṣẹ́ tí àkíyèsí kan ń ṣe, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Bí ewì náà bá jẹ́ ti ẹnu

Ìgbésẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun díẹ̀ yí. Nínú ẹsẹ Ifá, ọ̀rọ̀ awo tó ṣí ẹsẹ náà ṣáájú "a dá fún" máa ń padà dé níparí, lẹ́yìn tí ẹni tó dífá bá ti ń jó, tó ń yọ̀, tó ń yin àwọn awo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni létí, àmọ́ nígbà àkọ́kọ́ àlọ́ ni, nígbà ìkejì ó ti ṣẹ. Ẹ kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì wo bóyá sílébù kan tilẹ̀ yí.

Ní Cuba, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Lùkùmí, tó ti ara Yorùbá wá, kọrin fún òrìṣà, wọ́n fi àkọtọ́ èdè Sípéènì kọ ọ̀pọ̀ orin náà sílẹ̀, kò sì sí àmì ohùn lórí wọn. Ẹ má fi ohùn tí ẹ mọ̀ nílé sí i kí ẹ wá tú u. Orin tí a gbà sílẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tẹ́tí sí ìlù bàtá mẹ́ta tó ń bá a lọ, nítorí inú ìlù yẹn àti ìdáhùn ègbè ni ẹ óò ti rí òṣùwọ̀n ìlà.

Onírárà máa ń fa fáwẹ́lì tó kẹ́yìn ìlà gùn, onísunjálá náà sì ní bí ó ṣe ń gbé ohùn tirẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dà á kọ, ẹ fi ìlà kékeré sí iwájú sílébù tí ó fà, ẹ má kà á ní méjì. Ẹ kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tí ìlà náà bọ́ sí nínú ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, kí ẹni tó bá ń ka iṣẹ́ yín lè gbọ́ ohun tí ẹ̀yin gbọ́.